Hẹ́lò Lọ Wá Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀

Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú fáìlì ní ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é. Hẹ́lò ni gbogbo ilé ìwòsàn mọ̀ ọ́n sí, láti orí dókítà dé orí agbálẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń jókòó nínú yàrá tẹlifóònù, yàrá kótópó kan lábẹ́ àtẹ̀gùn, tí kò ní fèrèsé, tí àga rẹ̀ ti tẹ̀ mọ́ ìdí ẹni tó ni ín. Bí iná pupa kékeré bá ti ṣẹ́jú lórí pátákó iwájú rẹ̀, á fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, á ní, "Hẹ́lò, ilé ìwòsàn," á sì fi ẹni tó ń pè ránṣẹ́ síbi tó ń lọ.

Igba nọ́ńbà ó lé méjìdínlógún ló wà lórí rẹ̀, kò wo ìwé. Àwọn dókítà tuntun máa ń yọjú sí i láti dán an wò.

"Màmá, ibi ìfọṣọ?"

"Mẹ́tàdínláàádọ́rin. Ẹ sì bá mi sọ fún wọn pé aṣọ funfun tí wọ́n fún yín yẹn, ti ẹlòmíì ni. Apá rẹ̀ ti gbé ọwọ́ yín mì."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á lọ. Etí Hẹ́lò ni ilé ìwòsàn fi ń yangàn. Wọ́n ní bí o bá pè lẹ́ẹ̀kan, tó o tún pè lẹ́yìn ọdún márùn-ún, á dá ohùn rẹ mọ̀.

Etí náà ti ń lọ.

Kì í ṣe lọ́jọ́ kan. Bí ọṣẹ ṣe ń tán nínú àwo ló ṣe ń lọ: o ò ní rí ọjọ́ tó dín kù, àfi ọjọ́ tó yọ̀ bọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́. Ohùn tín-ín-rín ló kọ́kọ́ lọ. Ẹyẹ orí òrùlé dákẹ́. Kẹ́tùlù tó ń hó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ohùn ọmọdé, lẹ́yìn náà ohùn obìnrin. Ohùn ọkùnrin ṣì ń wọlé, bó bá nípọn. Ọdún kẹta rèé. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà; Hẹ́lò ti wá sọ ọ́ di iṣẹ́. Ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀, ètè onítọ̀hún ló ń kà. Ẹni tó bá wà lórí fóònù, tí kò ní ètè, aago ló fi ń mọ̀ ọ́n: aago méje àárọ̀, ilé ìdáná ni wọ́n ń wá, aago mẹ́wàá, ilé ìkọ̀wé, bí wọ́n bá ti ṣí géètì fún àbẹ̀wò, ẹbí aláìsàn ni. Èyí tó bá rú u lójú, á tì í sọ́dọ̀ àwọn tó ń gba àlejò níwájú ilé. Iṣẹ́ ń lọ. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Ògiri lanu lẹ́ẹ̀kan. Obìnrin kan pè lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ń sunkún. Hẹ́lò ò gbọ́ ju ẹkún náà lọ, bó ṣe ń ru tó ń rọlẹ̀. Àánú ṣe é. Ó fi obìnrin náà ránṣẹ́ sí mọ́ṣúárì.

Ẹkún ayọ̀ ni. Ọmọ obìnrin náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, yàrá àwọn abiyamọ ló ń wá. Ẹni tó ń tọ́jú òkú ló wá ròyìn rẹ̀ níbi oúnjẹ: "Mo ní, 'Mọ́ṣúárì rèé, ẹ káàsán.' Ó pariwo kan! Mi ò tíì gbọ́ irú ẹ̀ rí, bí mo ṣe ń bá òkú gbé." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn mẹ́ta ló ń pín iṣẹ́ yàrá tẹlifóònù ṣe, kò sẹ́ni tó mọ ọwọ́ ẹni tó ṣe é. Hẹ́lò bá wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó gbé oúnjẹ rẹ̀ padà.

Kò pẹ́ sígbà náà ni akọ̀wé àgbà pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí ohùn rẹ̀ náà tẹ́ẹ́rẹ́. Hẹ́lò kì í gbójú kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ tuntun ń bọ̀. Ẹni tó bá pè, á fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ibi tó ń lọ. Àga kan ṣoṣo ló máa kù, ti fóònù pàjáwìrì, níbi tí wọ́n ti ń pe áńbúláǹsì. Ẹni tí kò bá rí àga yẹn, tọ́jọ́ orí rẹ̀ bá ṣì kéré, wọ́n á wá ibòmíì fún un. Ẹni tó bá ti sún mọ́ ìfẹ̀yìntì, kó máa lọ sinmi.

Ọdún mẹ́ta ló kù fún Hẹ́lò.

"Ẹ má fòyà, Màmá," akọ̀wé àgbà wí, ó sì fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. "Ta ló tún ní etí bíi tiyín? Tóṣù bá parí, n ó kéde rẹ̀."

Hẹ́lò kà á lẹ́nu rẹ̀. Ó dúpẹ́.

Ó fẹ́ àga yẹn. Bí wọ́n bá gbé e kúrò lábẹ́ àtẹ̀gùn, kí ló kù? Ìyàwó ilé kan tí wọ́n ní láti máa pariwo bá sọ̀rọ̀. Ó sì mọ ohun tí àga náà jẹ́. Ẹni tó bá ń pe nọ́ńbà yẹn kì í ráyè sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó mọ̀ ọ́n, ó ṣì fẹ́ ẹ. Bí ọmọ ènìyàn ṣe rí nìyẹn.

Wáyà ló kó ti igbó bá a.

Oníná ilé ìwòsàn ni Wáyà, ọkùnrin ọmọ ọdún márùndínlógójì, ó ga bí òpó, pẹ́ńsùlù kì í kúrò lẹ́yìn etí rẹ̀. Òun ló ń tún pátákó Hẹ́lò ṣe bó bá dá iṣẹ́ sílẹ̀, Màmá ló sì ń pè é. Ní gbogbo Sátidé, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan máa ń wọ igbó lọ pẹ̀lú rédíò lọ́wọ́. Hẹ́lò rò pé wọ́n ń lọ gbọ́ bọ́ọ̀lù ni.

"Bọ́ọ̀lù kẹ̀! Eré ìje ni, Màmá. A ó fi àpótí kékeré márùn-ún pamọ́ sínú igbó. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ là ń pè wọ́n. Ọ̀kan á ké fún ìṣẹ́jú kan, á dákẹ́, òmíràn á gbà á, títí yóò fi kan àkọ́kọ́ padà. Inú rédíò nìkan lèèyàn ti ń gbọ́ ọ, kì í ké síta. Ẹ ó di rédíò mú, ẹ ó fi íàfóònù bo etí, ẹ ó sì máa fẹsẹ̀ wá wọn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí gbogbo ẹ̀ ló jẹ."

"Ẹ̀yin géńdé wọ̀nyí, ẹ ò níṣẹ́ ni?"

"Ẹ jẹ́ n parí ọ̀rọ̀ mi. Ọjọ́ eré àwọn òṣìṣẹ́ ti dé tán. Ọ̀gá, akọ̀wé àgbà, ní a ò gbọdọ̀ fa okùn lọ́dún yìí, nítorí ìbàdí àwọn ará yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó yẹ̀ lésìí. Mo wá ní ká ṣe ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Wọ́n ní ó dáa. Mo tún ní Màmá Hẹ́lò máa bá wa ṣe é."

"Ta ló rán ẹ?"

"Etí ló ń ṣeré yìí, Màmá, kì í ṣe ẹsẹ̀! Inú Ọ̀gá dùn débi pé wọ́n ní àwọn fúnra àwọn á wá wòran."

Bó bá kọ̀, wọ́n á bi í pé kí ló dé. Kò ní ìdáhùn tí kò ní bí ìbéèrè mìíràn. Ó gbà.

Wáyà kọ́ ọ lẹ́yìn ibi ìfọṣọ, níbi tí wọ́n ń sá aṣọ ibùsùn sí. Rédíò náà kò ju ọwọ́ lọ, ọ̀pá dúdú kan dábùú orí rẹ̀. Íàfóònù rẹ̀ bo etí méjèèjì.

"Ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ má wá ibi tó ti ń pariwo o. Ariwo ń tan èèyàn. Ibi tóhùn bá ti kú lẹ ń wá."

"Ibi tóhùn ti kú?"

"Ibẹ̀ gan-an. Bó bá ti kú pátápátá báyìí, orí ọ̀pá yìí ti kọjú sí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ nìyẹn. Ẹ ó wá tẹ bọ́tìnnì yìí, kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá iwájú ló wà tàbí ẹ̀yìn. Bẹ́ ẹ bá sì ṣe ń sún mọ́ ọn, ẹ máa dín ohùn kù. Màmá, ẹ má gbàgbé èyí. Bẹ́ ẹ bá fi ohùn sílẹ̀ lókè, tẹ́ ẹ débẹ̀, gbogbo ayé ni yóò máa ké. Kò ní kú síbì kankan. Ẹ ó dúró tì í, ẹ ò sì ní mọ̀."

Hẹ́lò fi íàfóònù sétí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó yí ohùn sókè. Kò gbọ́. Ó yí i dé òpin, ó wá gbọ́ nǹkan tín-ín-rín, bí eṣinṣin nínú ìgò, tó ń wá tó ń lọ. Ó yí ara rẹ̀ ká bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ojú Wáyà ló ń wò. Wáyà kò lè ṣe é kó má wo ibi tó fi nǹkan pamọ́ sí: ìgbà mẹ́ta ló ṣẹ́jú sí garawa òfìfo onídèérí tó wà lábẹ́ okùn aṣọ. Hẹ́lò rìn lọ síbẹ̀, ó ṣí garawa, ó mú àpótí jáde.

Wáyà fò sókè. "Ìṣẹ́jú mẹ́rin! Èmi tí mo kọ́kọ́ ṣe é, ìṣẹ́jú mẹ́tàlá! Ẹ̀yin ará ìfọṣọ, ẹ wá wo nǹkan!"

Kó tó di ọ̀sán, ìròyìn ti dé ilé ìdáná. Alásè àgbà dá a dúró lójú ọ̀nà, obìnrin rọ̀bọ̀tọ̀ tí kì í tijú. "Hẹ́lò, tó o bá rí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yẹn, bá mi bi í níbi tó kó adìyẹ mi sí."

"N ó mú un wá, kó wá fẹnu ara ẹ̀ sọ fún ẹ."

"Ká ní etí ẹ wà lórí mi ni, mi ò bá ti mọ gbogbo ohun tí ọkọ mi ń sọ nínú fóònù."

Nílé, ọkọ rẹ̀ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ogójì ọdún ló fi wa katakátá, ẹ̀rọ ńlá tó ń gé ọ̀nà, ẹ̀rọ náà sì ti jẹ lára etí tirẹ̀ náà. Tẹlifíṣọ̀n ń ké débi pé gíláàsì ń gbọ̀n lórí tábìlì. Ariwo ni tọkọtaya náà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, àwọn ará ilé kejì sì rò pé ìjà ni.

"Wọ́n ní o ń lọ ṣọdẹ!" ni ó wí.

"Àpótí là ń wá. Wọ́n fi pamọ́ sínú igbó."

"Àwọn tó fi í pamọ́ ò mọ ibi tí wọ́n fi sí ni?"

"Wọ́n mọ̀."

"Kí wọ́n lọ mú un wá, kí wọ́n jẹ́ kó o sinmi!"

Ó rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ó ṣe ohun tí kì í ṣe: ó mú rìmóòtù, ó dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù, ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ìwọ. Ṣé o ṣì ń gbọ́ràn dáadáa?"

"Kí ló dé?"

"Ó ti tó ọdún méjì tó o ti sọ ọ́ kẹ́yìn pé kí n dín nǹkan yìí kù."

Hẹ́lò gbé gíláàsì kúrò lórí tábìlì. "Ó ti sú mi ni."

Ọkọ rẹ̀ wò ó pẹ́. "Ó ti sú ẹ," ó wí, ó sì tún yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè.

Igbó náà wà lẹ́yìn ìlú, igi tí wọ́n gbìn ní ẹsẹẹsẹ, gbogbo rẹ̀ jọra. Ní Sátidé, aago mẹ́sàn-án, ogún òṣìṣẹ́ ti tò sórí pápá tó wà létí rẹ̀. Akọ̀wé àgbà jókòó sórí àga tó ṣeé ká pọ̀, ó wọ bàtà funfun tí ilẹ̀ kò tíì kàn rí. Wáyà pín rédíò, ó pín káàdì tí wọ́n ó máa lu ihò sí níbi àpótí kọ̀ọ̀kan, ó gbé fèrè kan kọ́rùn.

"Kò sí àsíá níbẹ̀ o. Abẹ́ ewé ni wọ́n wà, ẹ má fojú wá wọn, etí ni. Aago méjìlá, n ó fọn fèrè yìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, gígùn. Ibi yòówù kẹ́ ẹ wà, ẹ máa bọ̀. Màmá Hẹ́lò, ẹ wá ṣíwájú."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé àgbà na àtàǹpàkò sí i. Hẹ́lò wọ igbó.

Nígbà tí igi ti bo pápá mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó dúró. Ó yí ohùn dé òpin. Ó na ọ̀pá síwájú, ó ń yí díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ohùn kú níwájú. Ó kú lápá ọ̀tún. Ó kú lẹ́yìn, ó kú lápá òsì. Ó tún yí, bóyá ó ti yára jù. Ibi gbogbo ni ohùn ti kú sí, ibi gbogbo ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wà.

Nọ́ọ̀sì kan tó dé fìlà pupa sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Hẹ́lò tẹ̀lé fìlà náà. Ó dára bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀: fìlà á dúró, á yí, á ya, Hẹ́lò náà á dúró, á yí, á ya. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì náà wẹ̀yìn. Ó rẹ́rìn-ín, ó sọ nǹkan kan, ó sì ń sọ ọ́ bó ṣe ń yíjú lọ. Hẹ́lò rí ìdajì ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìdajì yòókù bá a lọ. Lẹ́yìn náà igi nìkan ló kù.

Ó bọ́ íàfóònù sọ́rùn kó lè fetí sílẹ̀ bóyá àwọn èèyàn wà nítòsí. Kò sí ìyàtọ̀. Bó ṣe rí nígbà tí ó bo etí, bẹ́ẹ̀ náà ló rí nígbà tí ó ṣí i. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ewé gbígbẹ ló dúró lé lórí. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó rí i tí ewé náà fọ́. Ó tún tẹ òmíràn.

Kò mọ̀ pé ó ti tó báyẹn. Nínú ilé, èèyàn kì í tẹ ewé.

Ó ń rìn ṣáá. Ó ya sọ́tùn-ún níbi tí ó rò pé fìlà pupa yà sí, ó dé ibi tí gbòǹgbò igi kan wú jáde láti inú ilẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti gbọ́ ọ. Eṣinṣin inú ìgò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kígbe. Ó yí síwájú, ó ń ké. Ó yí sẹ́yìn, ó ń ké. Ó yí ká lódindi, kò kú síbì kankan.

Ó rántí ohun tí Wáyà wí. Ó ti dé ibẹ̀. Ó wà nítòsí, bóyá ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, bóyá mẹ́ta. Ohun tó kù ni kó dín ohùn kù, kí ó lè kú sápá kan. Ó dín in kù ní ìwọ̀n irun. Gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Ó dá a padà. Gbogbo rẹ̀ ké. Láàárín kí gbogbo rẹ̀ ké àti kí gbogbo rẹ̀ dákẹ́, kò sí àyè kankan fún un.

Ìṣẹ́jú náà pé, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ dákẹ́. Hẹ́lò dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tún ké. Hẹ́lò tún yí. Nígbà kẹta, ó gbé rédíò sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì wa ewé kiri bí adìyẹ. Ó wá ìdí igi kan, ó wá ìdí èkejì. Èékánná rẹ̀ kan dá. Nígbà kẹfà, kò dìde mọ́. Ó fẹ̀yìn ti igi kan, ó na ẹsẹ̀, íàfóònù wà létí rẹ̀. Oòrùn ti dé àárín orí. Fèrè kan lè ti dún, ó sì lè má tíì dún.

Bàtà Wáyà ló kọ́kọ́ rí. Ó gbójú sókè, ẹnu Wáyà ti ń ṣiṣẹ́.

"…láti ìgbà wo! Màmá, ẹ̀rù bà wá. Ẹ ò gbọ́ fèrè?"

"Mo ń sinmi ni."

Wáyà wo igi tó fẹ̀yìn tì, ó bú sẹ́rìn-ín, ó lu itan. "Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kẹta rèé! Ẹ̀yìn igi yìí ló wà! Ẹ ti jókòó tì í, ẹ ò lu káàdì yín? Àbí ẹ̀rọ yẹn ló ń ṣe wàhálà? Ẹ mú un wá."

Ó yọ íàfóònù kúrò lórí Hẹ́lò, ó gbé e sétí ara rẹ̀. Àsìkò kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kẹta ti tó. Wáyà já nǹkan náà kúrò létí bí ẹni tó mú ẹyín iná. Ó fọwọ́ di etí. Ó wo ibi tí wọ́n yí ohùn dé. Ó wo íàfóònù. Lẹ́yìn náà ó wo Hẹ́lò, ẹ̀rín kò sí lójú rẹ̀ mọ́.

Ó yíjú sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ wo òkè igi, ó dúró bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Hẹ́lò rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ń mì. Nígbà tó yíjú padà, ó dákẹ́, ó ń retí èsì.

"Bẹ́ẹ̀ ni," Hẹ́lò wí.

Wáyà mi orí, jẹ́jẹ́. Hẹ́lò ò mọ ohun tó bi í. Kò mọ̀ ọ́n títí dòní.

"Wáyà."

"Màmá."

"Ọdún mẹ́ta péré ló kù."

Wáyà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ṣí ìdí rédíò, ó yọ bátìrì, ó jù ú sápò. "Bátìrì ló kú," ó wí, ó sì ń la ẹnu dáadáa kí obìnrin náà lè kà á. "Èmi ni mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Àwa méjèèjì nìkan la mọ̀ ọ́n."

Ó fà á dìde, ó gbọn ewé kúrò lára ìró rẹ̀. Wọ́n ń lọ. Wáyà ń fẹ̀gbẹ́ rìn kí ojú rẹ̀ lè kọjú sí i, ó ń fẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò. Ìyẹn ló dun Hẹ́lò jù. Kó má bàa jẹ́ pé wọ́n ń rìn láìsọ̀rọ̀, ó bi í léèrè ohun tí ọmọlúàbí ń béèrè.

"Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Àyà tó ń dùn wọ́n yẹn náà ni. Àwọn nìkan ló ń dágbé báyìí, lẹ́yìn odò…" Ọ̀rọ̀ dá lẹ́nu rẹ̀. Ó yíjú síwájú, ó sì ń rìn gẹ́gẹ́ bí èèyàn ṣe ń rìn.

Hẹ́lò mọ ìyá náà. Ìgbà mélòó ló ti pè, tó ń béèrè ọmọ rẹ̀ oníná? Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí Hẹ́lò ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Ó tún un rò. Kì í ṣe pé ìyá náà ò pè. Bóyá ó ń pè lójoojúmọ́, tí òun ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ tí àyà yẹn bá dé sí i, fóònù pàjáwìrì ni yóò pè.

Àwọn méjèèjì jáde sí pápá.

Gbogbo àwọn tó kù ti padà. Wọ́n ń mu omi, wọ́n ti bọ́ bàtà. Wáyà gbé rédíò náà sókè, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Ẹ̀bi mi ni o. Bátìrì tó wà nínú ti Màmá ti kú. Wọ́n rìn kiri fún wákàtí mẹ́ta lásán."

Àwọn èèyàn kẹ́dùn. Alásè àgbà ní, "Mo ti wí! Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló tú u jẹ." Ẹ̀rín sọ. Akọ̀wé àgbà dìde lórí àga rẹ̀, ó wá di ọwọ́ Hẹ́lò mú, erùpẹ̀ rẹ̀ ń ràn mọ́ ọn. Ó súnmọ́ ọn débi pé gbogbo ètè rẹ̀ hàn.

"Ẹ má jẹ́ kó dùn yín. A mọ̀ yín. N kò tiẹ̀ ní dúró dé òpin oṣù. Mọ́ńdè, aago mẹ́jọ, ẹ jókòó sídìí fóònù pàjáwìrì. Ẹ̀yin ará, ẹ pàtẹ́wọ́ fún wọn!"

Hẹ́lò rí ọwọ́ gbogbo wọn bó ṣe ń pàdé. Ohun tó ń fẹ́ rèé. Ó ti bọ́ sí i lọ́wọ́, kò ju kó di ọwọ́ pọ̀ lọ. Ó wo Wáyà. Wáyà náà ń pàtẹ́wọ́, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀.

"Rédíò yẹn ò bàjẹ́," Hẹ́lò wí.

Akọ̀wé àgbà tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín.

"Bátìrì ò kú. Wáyà ló ń ṣàánú mi. Etí mi ló kú. Ó ti tó ọdún mẹ́ta."

Kò mọ bí ohùn rẹ̀ ṣe jáde tó, bóyá ó rọra sọ ọ́ tàbí ó kígbe. Ọwọ́ tó ń pàdé dúró. Lẹ́yìn náà gbogbo ẹnu ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Wáyà ń sọ̀rọ̀, ó ń na ọwọ́. Alásè ń sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì aláfìlà pupa yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀, àwọn náà ń sọ̀rọ̀. Akọ̀wé àgbà ti fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu, ó sì ń sọ nǹkan gígùn kan lẹ́yìn àtẹ́lẹwọ́ náà. Hẹ́lò dúró láàárín wọn, ó ń wo ọ̀kan, ó ń wo òmíràn, kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ kà.